Ọjọ́ Mẹ́rin Tí A Fi Wá Ilé Ìyá Bàbá Mi

Bàbá mi lè sọ fún ọ irú fìlà tí ajẹ́lẹ̀ òyìnbó dé lọ́jọ́ tí wọ́n gba òun síṣẹ́ akọ̀wé kóòtù ní Ìkàrẹ́. Ó rántí pé etí kan fìlà náà ti ya, àti pé ṣe ni ajẹ́lẹ̀ ń fi í fẹ́ ara rẹ̀ nítorí ooru. Ṣùgbọ́n tí o bá bi í pé báwo ni ìyá tó bí i ti rí, á wo ilẹ̀, á ní, "Wọ́n ní èèyàn dáadáa ni." Wọ́n ní! Ọkùnrin tó fi ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹlòmíràn sílẹ̀ láìfo ẹyọ kan, òun náà ni kò ní ju gbólóhùn kan yẹn lọ nípa ìyá rẹ̀.

Orí òkè Ọ̀kà ni ìyá náà kú sí, nígbà tí bàbá mi ṣì ń rá. Ọkọ rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Àwọn ará àdúgbò ti ń sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí títì nígbà yẹn, ilé ń ṣófo lọ́kọ̀ọ̀kan lórí òkè, ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ní òun kò re ibì kankan. Ìgbà tí ibà pa á tán ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọmọbìnrin tí kò tíì ju bí ọdún mẹ́wàá lọ, fi ọ̀já pọn àbúrò rẹ̀, tó sì gbé e sọ̀ kalẹ̀. Òun ló tọ́ ọ. Òun ló ń fọ́ ẹ̀kùrọ́ tà títí bàbá mi fi ka ìwé tán. Yèyé ni gbogbo wa ń pè é, bàbá mi nìkan ló ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n.

Yèyé kò fẹ́ràn kí wọ́n máa bi òun nípa òkè. "Ó ti pẹ́," ni á wí, á sì yí ọ̀rọ̀ padà sí iṣu, tàbí sí ọmọ ẹni tó ń gbéyàwó. Èmi máa ń rò pé ahun ló ń ṣe é, ahun ọ̀rọ̀. Mo ti sọ ọ́ sí i lójú rí, nítorí pé inú mi kì í pẹ́ ẹ́ bí, gbogbo ilé ló mọ̀ mí mọ́ ọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jẹun.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, Èkìtì ṣì wà pẹ̀lú wa nínú Ìpínlẹ̀ Òǹdó, èmi sì ń ṣe tíṣà ní Àkúrẹ́. Dókítà ojú yẹ Yèyé wò, ó ní ojú kan ti lọ, èkejì náà ń múra àti lọ, kò sì sí ohun tí òun lè ṣe sí i mọ́. Bàbá mi kọ lẹ́tà sí mi. Lẹ́tà akọ̀wé kóòtù ni, ó fi nọ́ńbà sí i. Kìíní: ojú ẹ̀gbọ́n mi ń lọ. Èkejì: òun nìkan ló kù láyé tó mọ ibi tí ilé ìyá mi wà. Ẹ̀kẹta: ìwọ lo ní mọ́tò. Kò sí ẹ̀kẹrin. Mo ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, mo sunkún, lẹ́yìn náà ni inú wá bí mi pé kò tilẹ̀ béèrè bóyá àyè gbà mí.

Àyè gbà mí, ilé ìwé wà ní ìsinmi. Mo gun ọkọ̀ ìjàpá mi, mo di Ọ̀kà. Nígbà tí mo fi máa dé ilé Yèyé, bàbá mi ti kọ ètò ọjọ́ mẹ́rin sínú ìwé, ó fi rúlà fa ìlà sí i. Kò kọ "ilé ìyá mi" síbì kankan nínú rẹ̀. "Ìbẹ̀wò sí àwọn ibi àtijọ́ ní ilẹ̀ Àkókó," ohun tó kọ nìyẹn, ó sì ki ilé ajẹ́lẹ̀, kóòtù àti ilé tí àwọn òyìnbó ń sùn sí bọ àárín rẹ̀, bí ẹni tó ń fi ewé bo owó. Kò sẹ́ni tó tàn jẹ. Gbogbo wa la mọ̀ pé ohun tí ọkùnrin ẹni àádọ́rin ọdún yìí ń wá ni kó lè mọ ohun kan, ẹyọ kan péré, nípa ìyá rẹ̀ kó tó di pé ojú kan ṣoṣo tó rí i rí pa dé.

Ìkàrẹ́ la kọ́kọ́ lọ. Bàbá mi jókòó níwájú pẹ̀lú ìwé ètò lórí itan, Yèyé wà lẹ́yìn pẹ̀lú iṣu sísun nínú apẹ̀rẹ̀. Gbogbo ihò tó wà lójú títì láti Ọ̀kà dé Àkùngbá ni bàbá mi kìlọ̀ fún mi nípa rẹ̀ lẹ́yìn tí mo bá ti kó sí i tán. Ilé ajẹ́lẹ̀ wà lórí òkè kékeré kan, òrùlé rẹ̀ ti lọ, àwọn òpó rẹ̀ ṣì dúró, koríko ti hù láàárín pálọ̀. Bí a ṣe débẹ̀ ni bàbá mi na ẹ̀yìn ró. Ó ń fi ọwọ́ hàn wá: ibi tí ajẹ́lẹ̀ ń jókòó sí rèé, ibi tí òun ń dúró sí rèé tí òun bá mú ìwé wá, ibi tí wolé-wolé ń gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tì rèé. Ohùn rẹ̀ yí padà, ó di ohùn ọ̀dọ́kùnrin. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an lọ́jọ́ yẹn, mo sì fẹ́ kó panu mọ́ díẹ̀ nítorí oòrùn ti mú.

"Kí lẹ wá ń wò?" Yèyé bi mí.

"Ògiri ni, Yèyé. Ewúrẹ́ kan wà lójú fèrèsé."

Yèyé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. "Àwọn tó ní ká sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kó lè rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti gba owó orí lọ́wọ́ ẹni! Àwọn náà ti lọ. Ulé òyìnbó ti dulé ewúrẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n, ìtàn lèyí," bàbá mi ní. Ó ti bínú.

"Ìtàn àná kẹ̀? Ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Jẹ́ ilẹ̀ ọ̀la mọ́, kí n fi ahoro gidi hàn ọ́."

Láti ibẹ̀ a dé kóòtù àtijọ́. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń kó síbẹ̀ báyìí. Ọlọ́dẹ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin tó ti tó bàbá ọmọ mẹ́fà, béèrè pé ta ni a ń wá. Bàbá mi ní, "Èmi ni akọ̀wé ibí." Ọlọ́dẹ wò ó tìṣọ́ratìṣọ́ra, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Kò sí akọ̀wé níbí o." Mo fẹ́ gbaná jẹ lé e lórí. Bàbá mi fà mí lápá, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́dẹ, a sì padà sínú ọkọ̀. Yèyé bu iṣu fún un láti ẹ̀yìn. Òun náà gbà á, ó ń jẹ ẹ́.

Ọjọ́ kejì ni a gun òkè Ọ̀kà. Mo ní láti sọ bí nǹkan ṣe rí lórí òkè yẹn láyé ọjọ́un, gẹ́gẹ́ bí Yèyé ti sọ ọ́ fún wa bí a ṣe ń gùn ún, tí ó di apá mi mú, tí ó ń mí helehele. Àwọn obìnrin orí òkè kì í ní ọlọ nínú ilé. Àpáta ni ọlọ wọn. Tí ìyàwó bá ti wọlé, wọ́n á fún un ní àyè kan lórí àpáta tó tẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ibẹ̀ ni á máa lọ ata àti ọkà sí títí ojú ibẹ̀ á fi jìn wọnú bí igbá pẹrẹsẹ. Ojú ọlọ rẹ̀ nìyẹn. Obìnrin mìíràn kì í fọwọ́ kàn án. Tí ẹni tó ni ín bá kú, ẹnikẹ́ni kì í lọ nǹkan níbẹ̀ mọ́ láéláé. Ilé lè wó, igi lè hù nínú yàrá, ojú ọlọ á ṣì wà níbẹ̀. Ohun tí bàbá mi gbójú lé nìyẹn.

Ó rẹ̀ wá kí a tó dé òkè. Yèyé dúró, ó ń yí orí sọ́tùn-ún sósì, ó ń fi ojú kan tó kù wá igi. "Ọdán kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún," ó ní. Ọdán kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún lóòótọ́. "Àpáta tó tẹ́ ńkọ́?" Àpáta tó tẹ́ wà níbẹ̀. "Ulé ria rè é," Yèyé wí jẹ́ẹ́. Ilé wa nìyí. Ògiri alámọ̀ kan ló kù, kò ga ju orúnkún lọ, ojú ọlọ mẹ́ta sì wà níwájú rẹ̀.

Bàbá mi ṣí fìlà. Bùbá àti ṣòkòtò funfun ló wọ̀, kò tilẹ̀ wo ilẹ̀ tó fi dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Yèyé mi," ó ní, "èmi ni. Ọmọ yín tí ẹ fi sílẹ̀ ti dé. Ẹ má bínú pé mo pẹ́." Ó sọ oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ tí èmi ò mọ̀ pé ó wà nínú rẹ̀. Ó sọ fún un iye ọmọ tí òun bí. Ó sọ fún un pé òun di akọ̀wé. Èmi ti ń sunkún, ikun ń dà nímú mi, mo ń wá hánkáṣíìfù tí mo gbàgbé sínú ọkọ̀. Yèyé nìkan ló ń fi ẹsẹ̀ wá nǹkan kiri etí àpáta.

Ìgbà tí bàbá mi fi máa ṣe Àmín, mo rí i pé adẹ́mu kan ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀pẹ tó wà nítòsí, ó gbé agbè rẹ̀ dání, ó dúró, ó ṣí fìlà. Ó jẹ́ kí bàbá mi dìde tán pátápátá.

"Ẹ kú ìrìn o," ó ní. "Ẹ kú ìkíni. Àmọ́ bàbá tó bí bàbá mi lẹ̀ ń kí yẹn."

Erùpẹ̀ pupa ti kùn bàbá mi láyà títí dé ikùn.

"Kò burú rárá," adẹ́mu ní. "Wọ́n ti gbọ́. Ká ní ẹ bú wọn ni, ìyẹn ni ìjà ì bá dé. Àdúgbò wo lẹ ti wá?" Nígbà tí Yèyé dárúkọ àdúgbò wa, ọkùnrin náà lanu, ó pàtẹ́wọ́. "Háà! Bàbá àgbà yẹn àti àwọn ará àdúgbò yín jà lórí ilẹ̀, kò kí wọn títí ó fi kú. Ẹ ti wá bá wa parí rẹ̀!" Ó yọ igbá, ó bu ẹmu. Ó ní kò ṣeé ṣe kí àwa kí àwọn bàbá òun kí a má fẹnu kan nǹkan. Bàbá mi, alàgbà ìjọ tí mi ò rí ẹmu lọ́wọ́ rẹ̀ rí látọjọ́ tí mo ti dáyé, gba igbá, ó mu ún tán, ó sì ní kí wọ́n bu sí i. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, mi ò lè dúró mọ́. Nígbà tó yá òun náà rẹ́rìn-ín.

Adẹ́mu ní tiwa wà ní apá ibi tí oòrùn ti ń wọ̀, pé òkúta àwọn obìnrin àdúgbò wa tóbi, pé ojú ọlọ ibẹ̀ á tó ogún. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ti ṣú, ó sì ti rẹ Yèyé. A sọ̀ kalẹ̀. Òjò bá wa lọ́nà, ó sì rọ̀ mọ́jú.

Nítorí òjò yẹn, àpáta ń yọ̀ lọ́jọ́ kẹta, kò sẹ́ni tó lè gbé arúgbó afọ́jú-díẹ̀ gùn ún. Bàbá mi yí ètò padà, ó ní ká lọ sí Arigidi àti Ìkáràmù, níbi tí òun máa ń tẹ̀lé ajẹ́lẹ̀ lọ gbọ́ ẹjọ́. Inú mi kò dùn sí i. Mo ní epo ọkọ̀ ń tán, ó ní kí n wakọ̀.

Àwọn ará Arigidi ní èdè tiwọn yàtọ̀ sí Yorùbá, bàbá mi sì ti ń fi yangàn látàárọ̀ pé òun gbọ́ ọ. A bá ìyá arúgbó kan tó ń sá gbàgúdà níwájú ilé, bàbá mi tẹríba, ó sọ èdè náà. Ìyá náà sọ gbàgúdà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó dìde dúró ṣánṣán. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó ń pe àwọn aládùúgbò wá gbọ́. Àṣé ohun tí bàbá mi sọ fún un ni pé kó dìde kó sọ òtítọ́. Kóòtù ló ti kọ́ èdè náà, kò gbọ́ ju ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹlẹ́rìí lọ. Yèyé ní, "Akọ̀wé, o ò kúkú ní kí wọ́n tì í mọ́lé." Wọ́n fún wa ní ẹ̀pà sísè, a ń jẹ ẹ́ lọ nínú ọkọ̀.

Ní Ìkáràmù, ilé tí ajẹ́lẹ̀ ń sùn sí ti wó pátápátá. Àtẹ̀gùn oníkọnkéré mẹ́rin ló kù, kò gun ibì kan. Bàbá mi jókòó lórí èkejì. Mo rò pé á tún bẹ̀rẹ̀ ìtàn, mo ti ń wá ibòji tí n óò fi gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìwé ètò ló ká, ó kì í bọ àpò.

"Ó tó," ó ní níkẹyìn. "Ẹ jẹ́ ká padà sílé lọ́la. Mi ò gun òkè yẹn mọ́."

"Bàbá, adẹ́mu ti júwe ibẹ̀ fún wa," mo ní.

"Ojú ọlọ ogún. Èwo ni n óò dọ̀bálẹ̀ fún níbẹ̀? Ṣé kí n máa kí ìyá oníyàá kiri ni?" Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Ọmọ olówó mọ ìyá rẹ̀, ọmọ tálákà mọ̀ ọ́n. Ọ̀daràn tí wọ́n mú wá síwájú mi, tí mo bá ní kó dárúkọ ìyá rẹ̀, á dárúkọ rẹ̀, á tún sọ bó ṣe ń se ọbẹ̀. Èmi á kú bí ẹni tí òkúta bí."

Mo wo Yèyé. Ó kọjú sí ibi tí ohùn bàbá mi ti ń wá, ọwọ́ rẹ̀ ń yí etí ìró rẹ̀ po. Inú bí mi sí i débi pé mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi dé Ọ̀kà. Kí ló dé tí èèyàn á rí ìyá ẹni rí tí kò ní lè sọ pé ó ga tàbí ó kúrú?

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, kí n tó bọ́jú, Yèyé ti jókòó sínú ọkọ̀. Ó ti wé gèlè. "Gbé mi lọ sí ìdí òkè," ó ní. "Kí akọ̀wé náà wọlé."

Bàbá mi wọlé. Kò sẹ́ni tó lè bá ẹni tó pọn ọ́ dàgbà jiyàn láàárọ̀. Ojú àpáta ti gbẹ, a di Yèyé mú, a gùn ún. Adẹ́mu ń bẹ lórí òkè, ó gbé agbè rẹ̀ kalẹ̀, ó sìn wá dé apá ìwọ̀-oòrùn, ó sì bá iṣẹ́ tirẹ̀ lọ. Òótọ́ ló sọ. Àpáta náà lọ salalu, ojú ọlọ kún orí rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, omi òjò wà nínú gbogbo wọn. Wọ́n sún mọ́ ara wọn bí ìgbà tí àwọn obìnrin jókòó tí wọ́n ń tàkúrọ̀sọ. Bàbá mi kò lè pa á mọ́ra. Ó ń lọ láti ọ̀kan sí èkejì, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń béèrè: "Èyí ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n? Tàbí èyí?"

"Kò sí nínú ìwọ̀nyẹn," Yèyé ní. "Mú mi lọ sí etí àpáta, níbi tó ti fẹ́ dà sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́."

Mo mú un lọ. Ibẹ̀ jìnnà sí àwọn yòókù, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí àyè dúró. Yèyé kúnlẹ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ojú àpáta káàkiri, ó ń gbá ewé gbígbẹ kúrò, títí ọwọ́ rẹ̀ fi wọ inú ojú ọlọ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀. Ó fi ìka wọn ọ̀nà tó gbà jìn. Lẹ́yìn náà ó ní kí bàbá mi kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó tì í bọ inú omi náà.

"Apá ibo ló jìn jù?"

"Apá òsì," bàbá mi ní.

"Ọlọ́wọ́ òsì ni yèyé rẹ."

Bàbá mi tún fi ìka tọ ibẹ̀ yí ká.

"Àwọn obìnrin ìyókù kò jẹ́ kó bá àwọn lọ nǹkan láàárín. Wọ́n ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ń gbá tàwọn. Wọ́n tì í wá síbí. Àwọn ẹbí bàbá wa ń da ọbẹ̀ rẹ̀ nù, wọ́n ní ọwọ́ tí a fi ń nu ìdí kọ́ ni a fi ń fi ata sẹ́nu ọkọ. Nígbà tí wọ́n ní ká sọ̀ kalẹ̀, ó ní ibi tí wọ́n ti òun sí ti mọ́ òun lára, pé tí òun bá dé ìsàlẹ̀, wọ́n á tún wá ibòmíràn tì òun sí." Ó nu ojú rẹ̀ méjèèjì, èyí tó ń ríran àti èyí tí kò ríran. "Èmi pọn ọ́ sọ̀ kalẹ̀. O bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun fúnra rẹ. Òsì lo na sí àwo."

Láti kékeré mi títí di ọjọ́ yẹn, mi ò mọ̀ rí pé ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí bàbá mi. Ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé, ìwé náà a sì máa gún régé bí èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀.

"Ẹ fi aṣọ di ọwọ́ òsì mi," bàbá mi ní. "Mo rántí aṣọ yẹn. Aláwọ̀ aró ni."

"Odidi ọdún méjì. Mo nà ọ́ pẹ̀lú."

"Ẹ nà mí."

"Ọmọdé ni mí. Mo rò pé wọ́n á ti ìwọ náà sí etí àpáta." Yèyé tún wá ọwọ́ rẹ̀ dì mú. "Gbogbo ìgbà tí o bá bi mí bí ó ti rí, kí ni n bá wí? Tí mo bá ní bí ìyá rẹ ti rí rèé, mo ní láti sọ fún ọ pé ó wà lọ́wọ́ rẹ tẹ́lẹ̀, èmi ni mo gbà á."

Mo ń retí kí bàbá mi bínú. Èmi ti ń bá a bínú sílẹ̀. Àádọ́rin ọdún! Mo ya ẹnu, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó gbé ọwọ́ sókè sí mi láìwò mí, mo sì pa á dé. Ó gbá omi inú ojú ọlọ náà dànù. Ó wá òkúta róbótó kan nínú koríko, ó nu ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó sì fi í sọ́wọ́ òsì. Ó kọ́kọ́ dì í mú bákan ṣá bí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú kálámù. Lẹ́yìn náà ó fi ara tì í, ó fà á, ó tún tì í. Òkúta ń ké lójú àpáta, ó ń ké lọ, ó ń ké bọ̀, èyí tó ń lọ gùn, èyí tó ń bọ̀ kúrú.

Yèyé gbé orí sókè. Ó di ojú rẹ̀ méjèèjì.

"Bó ṣe máa ń dún nù un," ó ní. "Bó ṣe máa ń dún gẹ́lẹ́ láàárọ̀ nù un. Má tíì dáwọ́ dúró."

Bàbá mi kò dáwọ́ dúró.